Ọ̀gá Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Kámẹ́rà Rẹ̀ Wò

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ síwájú kí ẹ tó kà á tán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan dunjú ni mo dìídì kọ ọ́ sí.

1.
Samsudeen ni ayàwòrán tí gbogbo Ṣakí mọ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ kì í ṣe irú tó ń fúnra rẹ̀ wá ojú ènìyàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí dígí iwájú rẹ̀. Bí o bá yọjú wo ihò kékeré tó wà lókè rẹ̀, ènìyàn kan á hàn sí ọ ní méjì. O ó máa yí dígí náà díẹ̀díẹ̀ títí méjì yóò fi di ọ̀kan. Ìgbà náà ni o tó lè tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, Samsudeen sì mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi àwọn ayàwòrán tó kù ṣe yẹ̀yẹ́ pé kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n kàn ń gbé e rìn ni.

2.
Lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ láti Òtu, ọ̀kadà rẹ̀ kó sí gálọ́ọ̀pù, báàgì kámẹ́rà sì já bọ́ sórí òkúta. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fọ́, kò sán, ó ṣì ń tanná. Ó nu eruku ara rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ihò kékeré ń sọ pé ó mọ́ kọ́ ló ń mọ́ nínú àwòrán mọ́. Níta gbangba, oòrùn ń bo àṣírí náà, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ẹnu dígí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á kéré, iwájú àti ẹ̀yìn á jọ mọ́. Inú ilé, níbi tí ẹnu dígí ti gbọ́dọ̀ là gbàgà, ni àléébù náà ti ń yọ.

Cornelius ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀dọ̀ Samsudeen ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó gba ìyọ̀ǹda, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Òtu. Ó rí àwòrán ìyàwó kan tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ju ojú rẹ̀ lọ. Ó wá sí Ṣakí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ọ̀gá jẹ́ kí àwọn to ìgò díẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, kí àwọn sì fi kámẹ́rà mú ti àárín. Bí ó bá jẹ́ ìgò ẹ̀yìn ló mọ́, a jẹ́ pé kámẹ́rà ti yẹ̀. Ó ní ẹnì kan ń bẹ ní Ìbàdàn tó lè yí nọ́ọ̀tì kékeré kan nínú rẹ̀ padà sí ipò.

Àwọn oníbàárà wà ní ìjókòó. Samsudeen wò wọ́n kó tó fèsì.

"Cornelius, ọjọ́ kìíní tí o dé ọ̀dọ̀ mi, ìdérí wà lójú kámẹ́rà, àwòrán jáde ní dúdú, o ní ilẹ̀ ti ṣú. Ìwọ lo wá fẹ́ yẹ tèmi wò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Cornelius náà rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìdérí wà níbẹ̀. Èmi náà ló wá ń sọ fún yín yìí."

Samsudeen ní kó máa lọ sí Òtu kí ilẹ̀ tó ṣú lóòótọ́.

3.
Wàhábì, oníṣòwò iṣu ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ní ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Mùyìbátù. Ìyá yìí kì í gbà kí wọ́n ya òun. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ fóònù, á fa ìbòrí bojú. Àwòrán kan ṣoṣo tó ní ni ti káàdì ìdìbò, òun fúnra rẹ̀ sì ní kò jọ òun. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń bèèrè bí ojú ìyá àgbà ṣe rí. Wàhábì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà: ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú yàrá òun.

Samsudeen ni wọ́n pè. Yàrá náà ṣú díẹ̀, ló bá la ẹnu dígí sílẹ̀ pátápátá. Bí ó bá ti là tó bẹ́ẹ̀, ibi tí yóò mọ́ kì í ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó yí dígí títí ìyá méjì fi di ìyá kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo àwòrán náà lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lórí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí ojú tí kì í mọ́.

Wàhábì bi í bóyá kò ní tún un wò dáadáa kí màmá tó dìde.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Samsudeen wí. "Kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀."

Ìyá fa ìbòrí rẹ̀ padà, ó ní ó tó.

4.
Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá kú. Ẹ mọ bí ìsìnkú Mùsùlùmí ti rí: wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, ó wọ ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ya òkú. Àwòrán ọjọ́ yẹn nìkan ló kù, Wàhábì sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá.

Bí àwòrán náà ti ń tóbi lójú kọ̀ǹpútà ni Samsudeen rí i pé kò mọ́ níbi tó yẹ. Ó ṣí àwọn yòókù, bákan náà ni. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wàhábì gbé e lé eékún, ó wò ó pẹ́.

"Mo lè ka hóró tẹ̀sùbáà tó kọ́ sára ògiri yìí," ó ní. "Ojú ìyá mi ni n kò rí."

Samsudeen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé yàrá ṣú. Wàhábì na àwòrán náà sí i padà, ó sì kọjú síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Kí ọdún tó yí po, àwọn ìyàwó Ṣakí ti ń gba ọ̀nà Òtu lọ ya àwòrán.

5.
Samsudeen gbé kámẹ́rà lọ bá Cornelius. Wọ́n to ìgò. Ti àárín ni wọ́n mú, ti ẹ̀yìn ló mọ́. Cornelius kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó bá a dé Ìbàdàn. Àkókò tí wọ́n fi yí nọ́ọ̀tì náà kò tó èyí tí ènìyàn fi ń mu ife ògì kan.

Láti ibẹ̀, Samsudeen kò yà sílé. Àgọ́-Àmọ̀dù ló gbà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Wàhábì, ó ní kámẹ́rà ti dára, òun wá láti tún iṣẹ́ náà ṣe.

Wàhábì wo àga ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ta ni kẹ́ ẹ yà?"

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Bí irinṣẹ́ yín bá ṣubú, ẹ dán an wò kí ẹ tó fi ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́. Bí ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ bá sì sọ pé nǹkan ti yẹ̀, ẹ má bèèrè ẹni tó kọ́ ẹnì kejì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò ṣeé tún ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.