Imú Ìyàwó Mẹkáníìkì

Mẹkáníìkì ti de nọ́súlù tuntun mẹ́rin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀.

Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí epo lè sáré débẹ̀. Kò tíì tan ọkọ̀.

Ó kù kó wò ó bóyá ó ń jò.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi bébà funfun nu ìdí nọ́súlù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òun ní, "Kí ni mo ń wá bébà sí, nígbà tí imú wà nílé?"

Bẹntiróò ti pa imú tirẹ̀ tipẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gbóòórùn.

Obìnrin náà pọn ọmọ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, ó fa imú.

"Ó ń rùn àbí kò rùn?"

"Mi ò gbóòórùn kankan, bàbá ọmọ mi."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Imú ajá! Kí ló wá ṣe é lánàá tí ìrẹsì fi jóná, tó o fi jẹgba?"



Obìnrin náà kò purọ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fi ìkúùkù fọ́ imú náà, kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe ìrẹsì, ìbáà ṣe bẹntiróò.

Ojú rẹ̀ ló ṣì dáa. Ó rí epo tó ń kán tó, tó, tó, lábẹ́ nọ́súlù kẹta.

Ọkọ rẹ̀ kò bi í ní ohun tó rí.

Ó fa sìgá yọ létí. "Gbé ìṣáná wá."

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó wá so ọ̀já ọmọ le, ó sì sọdá títì.