Ètè Tó Mọ́

Kí Bàbá Adéṣẹ̀yẹ tó gbàdúrà òwúrọ̀, wọ́n mí sí dígí ara ògiri tó ń fi èémí yẹ ara wò. Dígí náà ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo inú yín ti tán.”

“Mo jẹ tẹ̀tẹ̀ lánàá.”

“Kòkòrò orí ahọ́n tó ń sọ tẹ̀tẹ̀ di afẹ́fẹ́ ti kú, sà. Oògùn ìfọnu yín ló pa wọ́n.”

Ìyàwó wọn, Morádéùn, gbé oògùn náà pamọ́ sẹ́yìn. “Olówó orí mi, ẹ̀jẹ̀ lẹ ń bì.”

“Ṣé ètè àìmọ́ ni kí n fi kọrin sí Olúwa?”

Ó gbé e fún wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, Morádéùn nìkan ló mí sí dígí.

“Inú yín dára, mà,” ni dígí wí. “Ẹ kú oríire.”