Ẹni Tó Bá Hú U Ni Yóò Dí I

Torí ẹ̀san ni Ishbel Rennie ṣe kọ́ gọ́ọ̀fù. Gbogbo Kilvannoch ló mọ̀, òun náà kò sì fi pamọ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ìgbà òtútù ló sì wá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò etí òkun ti sọ pápá di ẹrẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ń jókòó ti iná.

Murdo Strachan, olórí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ìlú náà, ló ń wá. Strachan ló fẹ̀sùn kan Lachlan, ọkọ Ishbel, pé ó fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Lachlan ní òun gbé e láti nù ún ni, bí òfin ìgbà òtútù ṣe gbà. Àwọn méjèèjì ló ń du ipò olórí nígbà náà. Wọ́n gba Strachan gbọ́, wọ́n sì lé Lachlan. Ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lára títí ó fi kú, ohun tó sì wí kẹ́yìn ni pé òun fẹ́ padà sórí pápá yẹn. Kò sí ará ẹgbẹ́ kan tó yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n sun òkú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ishbel lọ bá Strachan nílé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Lachlan padà sórí pápá bó ṣe fẹ́.

"Ẹni tí a lé, a ti lé e nìyẹn, Ìyáàfin," ni Strachan wí. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó. "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí oyè, kò sóhun tó ń jẹ́ Lachlan Rennie tó máa padà sórí koríko yẹn."

Ishbel dá a lóhùn pé òun gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló wá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Strachan kò rí ọ̀nà kọ̀ ọ́, torí òfin wọn kò di ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ ru aya. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Netta Duguid, tó ń ta ọbẹ̀ gbígbóná àti ọtí nínú ilé ẹgbẹ́, ló kọ́ ọ.

"Bọ́ọ̀lù kúkúrú ni kó o mọ̀," ni Netta wí. "Àgbà kì í fi agbára gbá gọ́ọ̀fù. Tó o bá ti sún mọ́ ihò, fi ara ti ẹsẹ̀ iwájú, kí ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù kó tó kan ilẹ̀. Ilẹ̀ yìí ti rin gbingbin. Sì jọ̀ọ́, gbé ọ̀pá ẹnu mímú yẹn jù síbì kan, ṣe ló ń walẹ̀ bí ọkọ́. Èyí tí ìdí ẹ̀ rí roboto yìí ni kó o mú."

Ishbel gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹnu mímú náà ló ń mú lójoojúmọ́. Bó bá ti gbá a, ògúlùtu koríko á fò sókè, bọ́ọ̀lù á yí díẹ̀, á dúró. Ishbel á kúnlẹ̀, á ki ọwọ́ bọ àpò kékeré tó so mọ́ ìbàdí, á sì dí kòtò náà. Òfin tí Strachan fúnra rẹ̀ ṣe ni: ẹni tó bá hú u ni yóò dí i. Àpótí iyanrìn tí wọ́n fi ń dí i wà lẹ́nu ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Ishbel ń gbé tirẹ̀ bọ̀ láti ilé. Ó ní ti ẹgbẹ́ ti tutù jù.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe é," ni Strachan wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ọtí. "Kò mọ̀ ọ́n gbá o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń hú pápá mi tẹ́ ẹ̀ ń sá lọ, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ opó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Netta kò bá wọn rín in.

Lọ́jọ́ kan, Netta ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ishbel gbá bọ́ọ̀lù kan tí ọ̀pá rẹ̀ kò ha koríko rárá. Bọ́ọ̀lù náà fò, ó balẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dúró lẹ́bàá ihò. Netta fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ishbel wo koríko tí kò ya, ó pòṣé, ó gbé bọ́ọ̀lù mìíràn kalẹ̀.

"Inú ń bí obìnrin yìí o," ni Netta wí sínú ara rẹ̀. "Strachan wọ gàù."

Nígbà tí ìdíje Ife Òtútù dé, wọ́n fa orúkọ yọ, Strachan àti Ishbel sì bọ́ sọ́wọ́ ara wọn. Ìlú jáde wá wòran nínú òjò, wọ́n ń sọ pé ẹ̀san ò gbóògùn. Àánú Ishbel ló padà ṣe wọ́n. Ihò mélòó kan ṣì kù tí wọn ò tíì gbá nígbà tí Strachan ti borí pátápátá, ó sì na ọwọ́ sí i kí wọ́n máa lọ sílé.

"Ìbínú ò da nǹkan fúnni, Ìyáàfin."

"Sùúrù ni baba ìwà," ni Ishbel dá a lóhùn. Kò gba ọwọ́ náà. "Ẹ jẹ́ ká gbá èyí tó kù."

"Ojú ò tíì tì yín tó ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ti borí, Ọ̀gbẹ́ni Strachan. Kí ló tún ń bà yín lẹ́rù?"

Wọ́n gbá a lọ. Níwájú ihò ìkẹyìn, níbi tí Lachlan ti máa ń juwọ́ sí i nígbà ayé rẹ̀, Ishbel hú ògúlùtu tó tóbi jù lọ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò kúrò lójú kan. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ishbel kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dà á; ó dì í mú láyà, ó ń wo kòtò náà.

"Ẹ gbé e wá jàre," ni Strachan wí; òjò ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó gba àpò náà, ó dojú rẹ̀ kọ kòtò, ó gbọ̀n ọ́n títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó da ògúlùtu bò ó, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa hú u mọ́."

"Ẹ ṣeun," ni Ishbel wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Ẹ dákẹ́, Ìyáàfin. Eré lásán ni."

Nínú ilé ẹgbẹ́, Netta gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì síwájú Ishbel. Inú ń bí i. "Gbogbo òtútù tó o jẹ látọjọ́ yìí! Ṣé bó o ṣe máa fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ nìyẹn?"

"Èmi àtiẹ̀ ti parí ẹ̀," ni Ishbel wí. Ó jẹun tán, ó sì ní kí Netta tún bu ọbẹ̀ sí i.

Nígbà tó délé, ó gbé ìkòkò tí àwọn asìnkú fi eérú Lachlan sí fún un sọ̀kalẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì da ojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ, torí gbogbo Lachlan ti padà sórí pápá, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan nínú kòtò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ Murdo Strachan fúnra rẹ̀ ló sì sin èyí tó kù.