Ayò Aago Méje Alẹ́

Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bú ẹlòmíràn. Èmi ìyá arúgbó aláṣejù ni mo ní màá ṣètò ìdíje ayò orí fóònù fún ẹgbẹ́ wa. Aago méje àárọ̀ ni mo fẹ́ tẹ̀, aago méje alẹ́ ni mo tẹ̀.

Èèyàn mẹ́rìndínlógún forúkọ sílẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò wọlé. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́: "Ìyá, a kì í tayò lálẹ́. Ẹni tí a ò pè á wá bá wa ta." Bẹ́ẹ̀, bí a ò bá ta ayò kan lálẹ́ yẹn, àwọn tó ni ayò orí fóònù náà á yọ ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìdíje. Mo bú wọn, mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bú ìdí ara mi tó ti kú sórí àga.

Ẹnìkan bá wọlé. Kò kọ orúkọ, fídíò rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ọ̀pẹ tí kò mọ ayò ta, káàbọ̀! Òní ni wàá sunkún." Ó ta, mo gbọ́ ọmọ ayò: kó, kó, kó. Mo pa ohùn fóònù. Ó tún ta: kó, kó, kó. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo gbé ọpọ́n ayò olóògbé ọkọ mi sí.

Mi ò yíjú. Ṣọlápé, akọ̀wé wa tó ń ṣọ́ ìdíje lórí fídíò, bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹgbẹ́ wa ti yè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí bàbá tó jókòó lẹ́yìn yín súnmọ́ iná díẹ̀, kí n lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀."