Ààrẹ Tó Tayọ Jù Lọ

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀, òjò sì ṣú bo oko àgbàdo láì rọ̀. Orrin Tackett dìde lórí àga níwájú ilé rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà, ó tún jókòó. Dókítà ń bọ̀ wá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò.

Marlys ọmọ rẹ̀ ló pe dókítà. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti bá iná lábẹ́ ìkòkò òfìfo, tí bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tí kò gbóòórùn. Bí dókítà bá ní ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, yóò ṣì máa gbé nínú oko rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan ni wọ́n máa mú un lọ, níbi tí Verna ìyàwó rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìkórè. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé sùn níbẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni Orrin ń lọ kí i, wọ́n á sì ní kó máa lọ nígbà tí Verna bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí orúkọ rẹ̀.

Delbert, aládùúgbò rẹ̀, gbé kọfí dání wá jókòó tì í.

"Orúkọ ààrẹ ni wọ́n máa ń bi gbogbo arúgbó," ni Delbert wí. "Ó yá, jẹ́ ká ti máa múra. Ta ló tayọ jù nínú gbogbo wọn?"

"Truman."

"Torí ọmọ Missouri bíi tiwa ni. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́. Lincoln tó dá ẹrú sílẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò bá ẹ jiyàn Lincoln. Ṣùgbọ́n Truman fọwọ́ ara rẹ̀ roko bàbá rẹ̀. Ta ló tún tẹ̀ lé ẹ̀yìn ìbaaka tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn?"

"Tó bá jẹ́ ti ìbaaka ni, ìwọ gan-an ì bá ti jẹ ààrẹ. Èmi, Roosevelt ni mo mú. Òun ló mú iná mànàmáná dé oko wa nígbà tá a ṣì jẹ́ ọmọdé."

"Roosevelt wo? Méjì ni wọ́n."

"Ìwọ ọkùnrin yìí. Èyí tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìbò yàn án, ikú ò jẹ́ kó ṣe é tán. Ogun tó fi sílẹ̀, ta ló parí ẹ̀?" Orrin tún ti dìde. "Ṣé mọ́tò kọ́ nìyẹn?"

"Jókòó, jàre. Orí tó ń jiyàn báyìí, kí ni dókítà fẹ́ rí níbẹ̀? Tó bá fi máa dọ̀sán, etí odò la máa wà, tá a ń pẹja."

Orrin ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

Dókítà dé pẹ̀lú Marlys. Obìnrin ni, kò dàgbà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó bi Orrin pé ọjọ́ wo lòní. Orrin kàn mi orí. Dókítà bi í pé ta ni ààrẹ báyìí.

"Truman ni," ni Orrin wí. "Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Marlys fọwọ́ bojú. Delbert la ẹnu, ṣùgbọ́n Orrin di orúnkún Delbert mú, ó sì fún un pinpin títí Delbert fi pa ẹnu náà dé.

Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n máa mú un lọ sí ilé ìtọ́jú, Orrin wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì tó ti di ẹrù rẹ̀ sí láti ọjọ́ Sọ́ńdè jáde, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò Marlys.