Ìjókòó Apá Òsì

Láti Ṣakí ni ara ti ń fu Oyèníran. Opó tó ta ọkọ̀ Mọ́rìsì àtijọ́ kan fún un kò gbà kó fi gbé òun dé ọjà. Oyèníran nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀, síbẹ̀ apá òsì ni ọkọ̀ náà tẹ̀ sí, níbi tí ìyàwó rẹ̀ olóyún yóò máa jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró ra àgbàdo sísun. Ìyá alágbàdo yọjú sí fèrèsé òsì.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o."

Oyèníran rẹ́rìn-ín. "Ìyá, èmi rèé lápá ọ̀tún! Ibí ni awakọ̀ ń jókòó nínú ọkọ̀ òyìnbó."

"Mo rí ọ, ọmọ mi. Bàbá tó jókòó tì ọ́ ni mò ń kí."

"Bàbá wo? Ìyàwó mi ló ni ìjókòó yẹn!"

Gíláàsì fèrèsé òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.