Àgbò Mẹ́rin Ẹnu Ọ̀wá

Inú ń bí Khairiyyah débi pé kò mọ adùn kíndìnrín sísun tó ń jẹ. Ọjọ́ Iléyá ni. Ibi iṣẹ́ àṣemọ́jú nílé ìwòsàn ló ti ń bọ̀, kò rí Yídì lọ. Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dókítà bíi tirẹ̀, jókòó tì í nínú àgbàlá bàbá wọn ní Ẹnu Ọ̀wá.

"Ẹran yìí mà sanra o," ni Mọ̀núrù wí.

Khairiyyah tún bu ẹran jẹ. Àwọn méjèèjì ló máa ń ra àgbò ọdún fún bàbá wọn. Òun kò rà lọ́dún yìí, ó gbà pé Mọ̀núrù ló ra èyí, ṣùgbọ́n kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀yájú yìí. Láti ìgbà àwẹ̀, èébú nìkan ló ń pa wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn iṣan tín-ín-rín kan rọ̀ mọ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín. Bí a bá pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru lè rọlẹ̀. Ara àgbò ni àwọn méjèèjì ti ń dán ọ̀nà tiwọn wò. Mọ̀núrù a la ìhà àgbò, a fi abẹ gé wọn. Khairiyyah a ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan, a tì í dókè, a jó wọn láti inú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn máa mú lò fún ènìyàn. Àgbò méjì méjì ló kù fún wọn tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn máa yẹ̀ wò lọ́la. Òjò ya wọ ilé ẹran wọn ní Onikan, ni wọ́n fi kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá so sí ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn lánàá, nígbà tí bàbá wọn wà ní mọ́sáláṣí.

"Iṣẹ́ abẹ tí èèyàn ò la nǹkan kan," ni Mọ̀núrù tún wí, "ṣé abẹ nìyẹn?"

"Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹran tiyín, àpá gbọ̀ọ̀rọ̀ níhà bí ẹni tí wọ́n fi àdá ṣá. Tèmi ńkọ́? Ẹ fi ibi tí mo fọwọ́ kàn hàn mí!"

"Mo ní kó o kùn wọ́n lọ́dà, o kọ̀."

"Kí n máa kun ẹran tí mo mọ̀ lójú?"

"Ìgbìmọ̀ ti mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Iṣẹ́ ọkùnrin ni abẹ."

Khairiyyah gbé abọ́ kalẹ̀ gbàà. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì.

"Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ọ̀la mọ́! Ojú gbogbo wọn ni màá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbò mi. Ojú á tì yín!"

Alhaji Salahudeen, bàbá wọn, fi tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ jáde sí wọn.

"Ẹ ò ṣe sinmi ariwo lọ́jọ́ ọdún? Ọlọ́hun á san yín lẹ́san àgbò tí ẹ rà fún mi. Mo yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò láàárọ̀, torí ẹran ọdún kò gbọdọ̀ lábùkù, mo rí i pé àwọn méjì tó ní àpá níhà ni ti ìwádìí yín, ni mo bá dúńbú àwọn méjì tí ara wọn dá ṣáṣá."